Àkàrà Bàbá Òjélabí

Fẹ̀yìntọlá kò tíì da àkàrà kejì sínú òróró tí Àṣá fi yọ lókè. Ẹ̀rọ náà gba ẹ̀yìn ilé omi yọ, ó ń fò lọ, ó ń fò bọ̀, ojú gíláàsì rẹ̀ ń yí kiri, títí tó fi dúró gangan sórí àgbàlá olóògbé Bàbá Òjélabí. Ó fa èéfín símú. Ó tún un fà.

"Fà á dáadáa," ni Fẹ̀yìntọlá wí, ó na ṣíbí onírin sí i lókè. "Òróró àgbọn ni. Àlùbọ́sà wà níbẹ̀, ata rodo wà níbẹ̀. Ká ní o lẹ́nu ni, ǹ bá bu díẹ̀ fún ọ."

Ìyá Àlàbá, aládùúgbò wọn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tó ń po ẹ̀wà lílọ̀ nínú abọ́, yára fa ìborùn bo orí. "Fẹ̀yìn, má bá nǹkan tí kò lójú àánú ṣeré o! Wọ́n ní ó máa ń gbọ́ gbogbo ohun tá a bá sọ."

"Kó gbọ́ ọ. Ṣé irọ́ ni mo pa ni? Alágbẹ̀dẹ ń dáná, ẹnikẹ́ni ò mú un. Àwọn tó ń sun pàǹtí ń dáná. Ẹ fi Àṣá sílẹ̀, Ìyá Àlàbá. Ẹ̀gbà ọwọ́ ló ń jẹ́rìí ní ìlú yìí, imú kì í jẹ́rìí."

Ìyá Àlàbá wo ẹ̀gbà ọwọ́ ara rẹ̀, èyí tó ń ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń tàn, àwọ̀ ewé. Ó wo ti Fẹ̀yìntọlá, òun náà àwọ̀ ewé. Ó mí kanlẹ̀.

"Ó dáa ná," ló wí. "A ò tíì jẹ ẹ́."

Àkàrà àkọ́kọ́ ti dójú tì wọ́n. Ẹ̀rọ tí Àjọ Ìtutù, àwọn tó fòfin de oúnjẹ orí iná, pín fún ilé kọ̀ọ̀kan láti máa fi lọ ewé ni Fẹ̀yìntọlá fi lọ ẹ̀wà, ó sì dà á sínú òróró bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ sínú agbada, kò wú, kò dìde. Ẹ̀rín pa Ìyá Àlàbá débi pé ó di ìhà mú. "Wọn kì í dà á bẹ́ẹ̀! Wọ́n máa ń lù ú ni!" Ó gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọdé ló wà nígbà tí wọ́n paná ìlú, kò mọ̀ pé òun ṣì rántí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rántí. Ó lu ẹ̀wà náà, ó lù ú, ó lù ú, títí tó fi funfun tó sì wú. Èyí tí wọ́n wá dà lẹ́yìn ìyẹn yí ara rẹ̀ po nínú òróró, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Nínú agbada tí adìẹ ti ń mu omi láti ọjọ́ tó ti pẹ́! Odindi òwúrọ̀ ni Fẹ̀yìntọlá fi yanrìn àti eérú bó ìpẹtà kúrò lára rẹ̀.

Ilẹ̀kùn àgbàlá ṣí. Abíọ́nà wọlé, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo. Aṣọ funfun Àjọ Ìtutù ló wọ̀, àtẹ ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀: ọsàn bíbó, máńgòrò tí wọ́n gé wẹ́wẹ́, dàbínù, àti ìgò omi èso méjì. Bó ti rí iná, àtẹ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dáná!"

"O kú ìta Bàbá o, àbúrò mi. Ṣé dáadáa lo jí?"

"Ẹ dáná lọ́sàn-án gangan! Àṣá wà lórí yín!"

"Bàbá wa kì í ṣe olè. Kí ló dé tí màá fi òru dín àkàrà rẹ̀?"

Abíọ́nà gbé àtẹ kalẹ̀ sórí àga. Ó nu òógùn ojú. Ó na ọwọ́ sí àwọn nǹkan róbótó-róbótó kan tó funfun láúláú ní igun àtẹ. "Mo ti ṣètò ohun tá a máa pín. Ẹ wò ó. Ẹ̀wà híhù ni wọ́n lọ̀, wọ́n mọ ọ́n, wọ́n sá a sóòrùn. Àkàrà tútù ni. Àjọ fọwọ́ sí i."

Fẹ̀yìntọlá mú ọ̀kan. Ó gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ sápá ọ̀tún, ó jẹ ẹ́ sápá òsì, ó wá tu ú sínú eérú.

"Abíọ́nà, ìwọ náà wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá sọ̀rọ̀."

Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Orí ibùsùn ni bàbá wọn wà, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n sún mọ́ òun. Ó ní, "Mo ti jẹ ewé tó. Ẹ má fi oúnjẹ ewúrẹ́ sin mí. Ẹ dín àkàrà mi, kẹ́ ẹ pín in kárí àdúgbò, kí wọ́n mọ̀ pé àgbà ló kú, kì í ṣe ọmọdé." Abíọ́nà fúnra rẹ̀ ló dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, a ti gbọ́."

"Àìsàn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn," ni Abíọ́nà wí báyìí, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó jókòó tì í lórí ìtì igi. Ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbà yín ò dà bíi tèmi. Èmi, bí tèmi bá pupa, ṣebí wọ́n á gbé mi lọ sí Ilé Ìtutù, màá máa jẹ ewé, màá máa ka orúkọ ewé títí wọ́n á fi dá mi sílẹ̀. Tiyín ní abẹ́rẹ́ oògùn àtọ̀gbẹ nínú. Bó bá pupa lẹ́yìn èéfín, abẹ́rẹ́ yẹn máa tì. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè. Ó máa tì fúnra rẹ̀ ni, títí Àjọ á fi jókòó. Ṣé ẹ ti gbàgbé Lámídì ni?"

Ìyá Àlàbá dákẹ́ lílù. Òpópónà kejì ni Lámídì ń gbé. Iṣu ló sun jẹ, ègé iṣu kan péré, nítorí ó ń wù ú. Ẹ̀gbà rẹ̀ pupa, abẹ́rẹ́ rẹ̀ tì. Kí Àjọ tó jókòó lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n ti sin ín. Àjọ fi àtẹ èso ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀, wọ́n ní kó gba ìtùnú.

"Mi ò gbàgbé Lámídì," ni Fẹ̀yìntọlá wí.

"Ta ni mo tún ní lẹ́yìn yín?" Abíọ́nà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Bàbá ti lọ. Ìyá ti lọ. Ẹ fẹ́ tìtorí àkàrà kú mọ́ mi lójú?"

Ẹ̀rù ń ba Fẹ̀yìntọlá. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé akíkanjú kì í bẹ̀rù. Láti kékeré ni àtọ̀gbẹ ti wà lára rẹ̀, irú èyí tí ara kì í fúnra rẹ̀ ṣe omi tó ń kápá ṣúgà rárá. Lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, bí agogo ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, abẹ́rẹ́ inú ẹ̀gbà á gún un, á sì rí ọ̀la. Ó mọ bí ó ti ń rí nígbà tí oògùn bá pẹ́: ẹnu á gbẹ, ojú á ṣú, inú á máa rú. Ó mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni tó ń pariwo lé e lórí lọ, òun ló kúkú ń gbé inú ara náà.

"Gbọ́," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀gbà yìí ti pupa sí mi lára. Ìgbà kìíní, máńgòrò ni mo jẹ. Ìgbà kejì, omi èso yín yìí ni mo mu. Kò séèfín níbẹ̀, ìkìlọ̀ ni wọ́n fún mi, wọ́n ní bóyá mo jí nǹkan gbígbóná jẹ. Èmi Fẹ̀yìntọlá! Ṣùgbọ́n ẹ̀wà híhù, mi ò jẹ ẹ́ kó pupa rí."

"Tútù nìyẹn. Iná ló ń sọ oúnjẹ di ṣúgà. Ọmọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ta ló dín in jẹ rí nínú yín tó fi mọ̀?"

Abíọ́nà na ọwọ́ sí agbada. "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ mọ̀ pé kò ní pupa ni?"

"Rárá," ni Fẹ̀yìntọlá dáhùn. "Mi ò mọ̀."

"Ẹ wá ń dín in!"

"Mò ń dín in. Bàbá mi ló ní kí n dín in. Ṣé ẹni tó bí mi á wà nínú ilẹ̀, àwọn èèyàn á máa bi ara wọn pé irú òkú wo ló kú nílé Òjélabí, kò sí àkàrà? Ká má purọ́, òfin yìí ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn lóore. Ìyá Àlàbá ìbá ti pàdánù ẹsẹ̀ wọn. Ewé dáa. Mo fẹ́ràn ewé. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan wá jókòó sí olú ìlú, kó sọ fún mi pé bàbá mi ò gbọdọ̀ ní àkàrà, ó ti ju ọ̀rọ̀ ewé lọ. Gbé agbọ̀n yẹn fún mi."

Abíọ́nà kò gbé e. Ìyá Àlàbá ló gbé e.

Fẹ̀yìntọlá ka mẹ́ta sórí ewé gbòdògì. Mẹ́ta náà ni, kò ya wọ̀bìà, ó sì mọ ara rẹ̀. Kò ní pín ohun tí òun kò tọ́ wò fún ọmọ ẹlòmíràn. Ó gbé ọ̀kan sẹ́nu. Ẹ̀yìn rẹ̀ dún pẹ́pẹ́, inú rẹ̀ rọ̀, ata ta á lẹ́nu, ooru gba inú ẹnu rẹ̀ kan. Ó ti pẹ́ tí ohun gbígbóná ti wọ ẹnu rẹ̀ gbẹ̀yìn, omijé kàn ń dà lójú rẹ̀ ni. "Áà," ló wí. "Áà, Bàbá."

Abíọ́nà kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ó gba ìdí ògiri lọ jókòó. Látìgbà tí wọ́n ti sin bàbá rẹ̀ ni kò ti jẹun gidi, ebi sì ti ń pa á. Ó ṣí ìgò omi èso kan, ó gbé e mu tán. Ó jẹ dàbínù. Ó jẹ máńgòrò. Ó ṣí ìgò kejì. Ó ń wo ẹ̀gbà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ìyá tó ń wo ọmọ tí ibà ń ṣe.

Àwọn aládùúgbò ò dúró kí wọ́n pe àwọn. Òórùn ti pè wọ́n. Wọ́n ń wọlé ní méjì-méjì, wọ́n ti fa apá aṣọ bo ẹ̀gbà, wọ́n ń kí Fẹ̀yìntọlá kú àṣẹ̀yìndè, ojú wọn sì wà nínú agbọ̀n. Ọ̀kan nínú wọn ní òun kàn wá kíni ni, òun ò ní jẹ.

"Àkàrà òkú àgbà ni o," ni Ìyá Àlàbá rán an létí. "Ẹni tó bá kọ̀ ọ́, irú ikú yẹn ló ń kọ̀. Ṣé o kò fẹ́ dàgbà kó o tó kú ni?"

"Ẹ fún mi ní méjì," lọkùnrin náà wí kíá.

Bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ń ṣí apá aṣọ díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń yọjú wo ẹ̀gbà. Ẹnu ń jẹ, ojú ń ṣọ́nà. Ẹ̀gbà kì í yára, ó máa ń fi àyè sílẹ̀ kí oúnjẹ dé inú ẹ̀jẹ̀ ná. Wọ́n ṣì wà bẹ́ẹ̀ tí alùpùpù Ẹ̀ṣọ́ Ìtutù fi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀dọ́kùnrin ni ẹ̀ṣọ́ náà, Akínṣọlá lorúkọ rẹ̀. Ó gbé Akọ̀wé kọ́ àyà, àpótí dúdú kékeré tó ń fi ohùn obìnrin sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ni, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí wọn.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Bàbá o. Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní èéfín wà níbí."

"Èéfín wà," ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Ẹ káàbọ̀."

Akínṣọlá wo agbada. Ó wo agbọ̀n. Ó dá itọ́ mì, gbogbo wọn ló sì rí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bó ti lọ sókè tó bọ̀ sílẹ̀. "Ẹ na ọwọ́ yín," ló wí.

Wọ́n nawọ́. Ó ń gbé Akọ̀wé káàkiri, ó ń fi kan ẹ̀gbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àwọ̀ ewé," ni Akọ̀wé ń wí. "Àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé." Ẹ̀ṣọ́ náà fajú ro. Ó gbọn àpótí náà jìgìjìgì, ó tún bẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ewé. Ó kan Ìyá Àlàbá: àwọ̀ ewé. Ó kan Fẹ̀yìntọlá. Fẹ̀yìntọlá di ojú, ó na ọwọ́.

"Àwọ̀ ewé," ni Akọ̀wé wí.

Ariwo ta! Ìyá Àlàbá fò sókè, ó jó, ó fi ìdí gbá abọ́ ẹ̀wà dànù. Fẹ̀yìntọlá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún pọ̀. "Mo sọ fún yín! Mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo sọ fún yín!"

"Ó ku ọ̀gbẹ́ni yẹn," ni Akínṣọlá wí.

Abíọ́nà dìde ní ìdí ògiri. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá. Ara rẹ̀ sì ti yá, nítorí àwọ̀ ewé tó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ká apá aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́.

"Pupa," ni Akọ̀wé wí. "Èéfín wà. Pupa wà. Iná ló jẹ. Ẹ mú un."

Àwọn aládùúgbò sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Èwo ni pupa?" Abíọ́nà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó pọ́n bí ata. "Mi ò fẹnu kan àkàrà! Omi èso ni mo mu!"

"Gbogbo ẹni tó bá jẹ iná ló máa ń sọ pé omi èso lòun mu," ni Akínṣọlá dáhùn. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe ń sọ ọ́.

"Èmi ni mo kọ́ yín ní gbólóhùn yẹn!"

"Mo mọ̀, ọ̀gá. Ẹ má bínú." Ó ti yọ okùn funfun jáde lápò. Okùn náà fúnra rẹ̀ wé mọ́ ọwọ́ Abíọ́nà méjèèjì.

Ìyá Àlàbá fa Fẹ̀yìntọlá mọ́ra, ó fẹnu sí i létí. "Dákẹ́. Dákẹ́ o. O ti bọ́. Kò sí ohun tí wọ́n lè fi kàn ọ́ mọ́. Ilé Ìtutù ò ní pa á, ewé ni wọ́n á máa fún un jẹ, á padà wá. Bó o bá sọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ rẹ ni."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Fẹ̀yìntọlá mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó wo àbúrò rẹ̀ tó dúró nínú okùn. Ó ronú kan Lámídì. Ọkùnrin náà ti wí tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀gbà rẹ̀ pupa, kò sẹ́ni tó bá a dá sí i. Gbogbo àdúgbò ló ní kí oníkálukú dákẹ́. Inú bí i, inú bí i gidi.

"Ẹ tú u sílẹ̀," ló wí. Ó dìde. "Èmi ni mo dáná. Èmi ni mo dín àkàrà. Mo jẹ mẹ́ta, mo sì lá ọwọ́. Àbúrò mi ò jẹ ẹyọ kan. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Fẹ̀yìn!" ni Ìyá Àlàbá ké.

Akínṣọlá tẹ orí Akọ̀wé. "Fẹ̀yìntọlá Òjélabí. Iná ni wọ́n jẹ."

"Àwọ̀ ewé ni," ni Akọ̀wé wí. "Kì í ṣe iná. Ẹ tún un sọ."

"Wọ́n ní àwọn jẹ ẹ́."

"Àwọ̀ ewé ni. Kì í ṣe iná. Ẹ tún un sọ."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Akínṣọlá nu iwájú orí. "Màmá, kò gbà. Bí ẹ̀gbà ò bá ti pupa, lójú tirẹ̀, ẹ ò jẹ nǹkan kan."

"Ẹ gbé agbada fún un kó gbóòórùn."

"Kò nímú, mà. Àṣá nìkan ló nímú."

"Ṣé a ò wá rẹ́ni tó máa gbọ́ tiwa ni? Ẹni tó jẹ ẹ́ ní òun jẹ ẹ́, ẹ ní kò jẹ. Ẹni tí kò jẹ ní òun ò jẹ, ẹ ní ó jẹ ẹ́! Irú ìlú wo nìyí?"

Abíọ́nà ló dáhùn, láti inú okùn. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. "Ọ̀nà kan wà. Ẹ̀rí ara. Ẹ̀ṣọ́ lè fi ara tirẹ̀ jẹ́rìí. Á jẹ nǹkan náà lójú Akọ̀wé, Akọ̀wé á ka ẹ̀gbà rẹ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tá a tún òfin kọ, tá a fi kún un. A ò rò pé ẹnikẹ́ni máa lò ó láé."

"Bó bá pupa sí mi lára ńkọ́?" ni Akínṣọlá bi í.

"Á jẹ́ pé òfin ló tọ̀nà. Akọ̀wé á kọ ẹ̀gbọ́n mi sí iná, abẹ́rẹ́ wọn á tì." Ó yíjú sí Fẹ̀yìntọlá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀ kí n lọ. Mo bẹ̀ yín."

Fẹ̀yìntọlá bẹ̀rẹ̀ sídìí agbọ̀n. Ó mú àkàrà, ó mú èyí tó tóbi jù, ó fi ewé gbé e, ó sì na ewé náà sí ẹ̀ṣọ́. "Àkàrà òkú àgbà ni, ọmọ mi. A kì í kọ̀ ọ́."

Akínṣọlá dúró. Ó wo òkè níbi tí Àṣá wà. Ó wo ewé.

"Ìyá tó bí bàbá mi kú lọ́dún tó kọjá," ló wí. "Ẹ̀pà tútù la pín." Ó gba ewé náà, ó sì jẹ àkàrà níwájú Akọ̀wé. Ó jẹ ẹ́ tán, ó wo inú ewé wò bóyá ó kù.

Wọ́n jókòó. Wọ́n ń retí. Oòrùn ń lọ sẹ́yìn ilé omi, òjìji Àṣá sì gùn lórí ilẹ̀ àgbàlá. Ìyá Àlàbá ń gbàdúrà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Fẹ̀yìntọlá rò ó pé bóyá òun ti ya wèrè: òun ti bọ́, òun tún fi ẹ̀mí òun lé inú ikùn ẹni tí òun kò mọ̀ rí. Ẹnikẹ́ni ò fi ọwọ́ kan agbọ̀n. Nígbà tó pẹ́, Akínṣọlá gbé Akọ̀wé, ó fi kan ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ẹ̀ṣọ́ Akínṣọlá," ni Akọ̀wé wí. "Ó jẹ iná. Mo rí i." Ó dákẹ́. "Àwọ̀ ewé." Ó tún dákẹ́. "Iná. Àwọ̀ ewé. Iná. Àwọ̀ ewé." Ohùn rẹ̀ falẹ̀. "Ẹjọ́ yìí jù mí lọ, mo dá a dúró. Ẹ pe àgbà."

Okùn tú lọ́wọ́ Abíọ́nà, ó bọ́ sílẹ̀.

Lórí ògiri gíga tó wà ní oríta, níbi tí wọ́n ti máa ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ iná kí gbogbo ìlú lè rí wọn, ìmọ́lẹ̀ tàn. Ibi tí wọ́n jókòó sí ni wọ́n ti ń kà á: FẸ̀YÌNTỌLÁ ÒJÉLABÍ. Iná. Àwọ̀ ewé. Kò sí irú rẹ̀ níbẹ̀ rí.

"Ó ti dé gbogbo ìlú báyìí," ni Akínṣọlá wí. "Màmá, Àjọ máa wá. Bí ẹ̀rọ ò bá ti abẹ́rẹ́ yín, wọ́n lè fi ọwọ́ ara wọn tì í."

"Kí wọ́n wá," ni Fẹ̀yìntọlá wí. "Wọ́n mọ ilé. Ṣùgbọ́n ojú gbogbo ayé ni wọ́n á ti tì í, wọ́n á sì sọ ìdí tí wọ́n fi tì í. Lámídì ò rí ìyẹn gbà. Èmi á gbà á."

Agogo ìrọ̀lẹ́ lù.

Gbogbo ojú bọ́ sára ọwọ́ rẹ̀. Agogo náà lù, ó lù, ó sì dákẹ́, nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Abíọ́nà di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú léjìká. Fẹ̀yìntọlá ń wo ẹ̀gbà náà, kò ṣẹ́jú.

"Yéè!" ló ké. Ó gbọn ọwọ́. "Ó gún mi! Ìyá Àlàbá, ó gún mi!"

"Ọpẹ́ o!" ni Ìyá Àlàbá kígbe.

Abíọ́nà fi èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síbi agbọ̀n, ó mú àkàrà kan, ó gbé e sẹ́nu pẹ̀lú omijé, ó ń jẹ ẹ́, ó ń pe bàbá rẹ̀. Ẹ̀gbà rẹ̀ ṣì pupa. Ẹnikẹ́ni ò wò ó.

"Ó tó," ni Fẹ̀yìntọlá wí, ó fi etí ìró nu ojú. "Ẹyọ kan ni tìrẹ lónìí, omi èso ṣì ń jà nínú rẹ. Da èso yẹn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó o gbé àtẹ Àjọ wá."

Abíọ́nà da èso kúrò. Fẹ̀yìntọlá to àkàrà sórí àtẹ funfun náà títí ó fi kún. Ó tún igi tì sínú iná, èéfín sì gòkè lọ bá Àṣá níbi tó wà.

"Gbé e rù," ló sọ fún àbúrò rẹ̀. "Òpópónà kejì ló kù. Ilé Lámídì la ó kọ́kọ́ dé."